Ìfiwéra: ọ̀nà wo ni ó yẹ kí a fi kó àjẹkù HTML àti CSS kúrò nínú mẹ́nù?

Nínú mẹ́nù ojú-òpó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Kàbà, ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni "Oko", tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí ojú-ìwé àwọn ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ń dá. Èkejì ni "Ọkọ̀", tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí ibi tí a ti ń háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà pè mí lórí fóònù láti Ìyàrà. Mo kí i ní "Ọ̀kún o, bàbá", ó dáhùn, ó wá ní, "Àbúrò, èwo ni oko, èwo ni ọkọ̀ nínú nǹkan tí o kọ síbẹ̀ yìí?" Àgbàlagbà ni, ó ti mú kí lẹ́tà fóònù rẹ̀ tóbi kí ojú rẹ̀ lè ríran, títóbi yẹn sì ti gé àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn orí rẹ̀ kúrò. Oko méjì ni ó ń wò.

Mo wá ohun tí ó fà á fún nǹkan bíi wákàtí kan kí n tó rí i. Ìlà méjì péré ni nínú CSS, èdè tí a fi ń sọ bí ojú-ìwé yóò ṣe rí (HTML ni ó ń sọ ohun tí ó wà nínú ojú-ìwé): `height: 18px`, tí ó ń so gíga àpótí mọ́ ojú kan, àti `overflow: hidden`, tí ó ń gé ohun tí ó bá yọ jáde. Ní ìgbà tí `float` ni a fi ń to ọ̀rọ̀ mẹ́nù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àpótí tí ó gbé wọn dání máa ń wó pẹrẹsẹ, nítorí pé búráúsà kì í ka ohun tí a fi `float` tò mọ́ gíga àpótí, `overflow: hidden` sì jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn tí àwọn tí ń kọ kóòdù fi ń gbé e dìde. Nígbà tí flexbox, ọ̀nà tuntun láti to nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, dé, tí gbogbo búráúsà ńláńlá sì ti gbà á tán ní 2015, ẹnìkan yí mẹ́nù náà padà sí `display: flex` ó sì fi oògùn àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń kọ, bóyá ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀. Ti Yorùbá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lẹ́tà bíi ọ̀ ń gba ààyè lókè, ó sì ń gba ààyè nísàlẹ̀. Unicode, ètò tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un: ọ, tí nọ́ńbà tirẹ̀ ń jẹ́ U+1ECD, ni a ń kọ, a ó wá fi àmì ohùn, U+0300, lé e lórí. Àpótí tí gíga rẹ̀ kò yẹ̀, tí a sì pàṣẹ fún pé kí ó gé ohun tí ó bá yọ jáde, yóò gé àmì òkè, yóò gé ti ìsàlẹ̀.

Àjẹkù ni mo ń pe irú ìlà bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Mo sọ ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé kò sí ẹ̀rọ ìwákóòdù kankan tí ì bá ti nawọ́ sí ìlà méjì yẹn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yóò sì jẹ́rìí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Òfin mìíràn (àwọn ìlà CSS tí a kó pọ̀ fún ohun kan) sì wà nínú fáìlì kan náà tí ẹ̀rọ sọ pé a kò lò, tí mo pa rẹ́ ní oṣù kẹwàá, tí ó sì dá wàhálà sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e, bí n ó ṣe sọ níwájú. Lílò ni ẹ̀rọ lè wọ̀n. Ìwúlò ni àwa ń wá. Ojú yìí ni mo fi wo gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra.

Irú àjẹkù tí ó wà nílẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ kó, nítorí pé ọ̀nà tí ó dára fún irú àjẹkù kan lè ba nǹkan jẹ́ níbòmíràn.

Àwọn kan wà tí gbogbo ayé gbà pé wọ́n ti kú. `-moz-border-radius`, àṣẹ àtijọ́ Firefox fún igun tí kò mú ṣóńṣó, jẹ́ ọ̀kan: Firefox ti pa á tì láti 2012. Àkíyèsí bíi `<!--[if lt IE 9]>` jẹ́ òmíràn, nítorí pé Internet Explorer nìkan ni ó máa ń tẹ̀lé e, láti orí ẹ̀dà kẹwàá ni òun pàápàá sì ti ṣíwọ́, kí Microsoft tó wá dá ẹ̀dà kọkànlá, tí ó gbẹ̀yìn, dúró ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2022. Mo tún ka àwọn `<span>` òfìfo mọ́ wọn, èyí tí a máa ń rí ní méjì-méjì láàrin `<li>` àti `<a>`. Kí `border-radius` tó tàn kálẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kí igun bọ́tìnì rẹ̀ má ṣe mú ṣóńṣó ní láti gé àwòrán igun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi `<span>` gbé e dání. Àwòrán ti lọ, `<span>` kù sílẹ̀ bí òpó ilé tí a ti ká páànù rẹ̀ lọ.

Àwọn kan tún wà tí búráúsà rí, tí ó kà, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ipa kankan. Ẹni tí ó bá kọ `float: left` sórí ohun tí ó wà ní tààràtà nínú àpótí `display: flex` kàn fi inki ṣòfò ni, nítorí pé flexbox kì í ka `float` sí, `vertical-align` náà kò rí nǹkan ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olóorun. Wọn kò kú, àkókò wọn ni wọ́n ń dúró dè: òfin `:hover` tí kì í jí àfi bí atọ́ka máòsì bá kọjá lórí ọ̀rọ̀, òfin `@media print` tí kì í jí àfi bí ẹnìkan bá fẹ́ tẹ ojú-ìwé sórí bébà, àti kíláàsì (orúkọ tí òfin CSS fi ń mọ ohun tí ó kàn) bíi `.sr-only` tí ó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ojú ṣùgbọ́n tí ó ń fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ń ka ojú-ìwé fún afọ́jú. Ẹni tí ó bá pa òfin `.sr-only` rẹ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ bíi "Fo mẹ́nù kọjá" yóò bọ́ sí gbangba lókè ojú-ìwé.

Èyí tí ó burú jù ni ti Oko àti Ọkọ̀: ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ pè é ti parí láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Fífi ọwọ́ tu ú, tàbí Coverage inú Chrome

Ọ̀nà méjì yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní láti yàn láàrin wọn, nítorí náà n ó pẹ́ díẹ̀ lórí wọn.

Ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ tu ú yóò ṣí fáìlì CSS mẹ́nù, yóò mú orúkọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi `git grep` (git ni ètò tí ń pa ìtàn gbogbo àyípadà kóòdù mọ́) wá a káàkiri inú iṣẹ́ náà, àti HTML, àti JavaScript, èdè tí ń mú ojú-ìwé ṣiṣẹ́, àti ibi tí a kó àwọn àwòṣe ojú-ìwé sí. Bí kò bá rí i níbì kankan, yóò tún bi ìtàn iṣẹ́ náà léèrè. Àṣẹ kan wà tí mo fẹ́ràn ju àwọn yòókù lọ fún èyí: `git log -S "overflow: hidden"`. Ó ń kó gbogbo ìgbà tí iye gbólóhùn yẹn yí padà nínú fáìlì jáde, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú ohun tí ẹni tí ó ṣe é kọ sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìlà tí ó gé ọkọ̀ di oko wọlé ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú `float`, tí `float` sì ti jáde láìmú un dání. Ìdí tí nǹkan fi wà níbi tí ó wà ni ọ̀nà yìí ń fi hàn ènìyàn, n kò sì tíì rí ọ̀nà mìíràn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fi ń sanwó rẹ̀ ni àkókò. Mẹ́nù tí ó ní ogójì kíláàsì lè gba ọ̀sán kan. Èyí tí ó ní irínwó kò ṣeé bẹ̀rẹ̀, ojú yóò ti ṣú kí ènìyàn tó dé ìdajì, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ti ṣú yóò máa pa ohun tí kò yẹ kí ó pa.

Coverage wà nínú Chrome láti ẹ̀dà 59, tí ó jáde ní 2017. A ó ṣí DevTools, ibi iṣẹ́ àwọn tí ń kọ kóòdù nínú búráúsà, a ó tẹ Ctrl+Shift+P, a ó kọ "Coverage", a ó sì tún ojú-ìwé gbé. Yóò to gbogbo fáìlì CSS àti JavaScript sílẹ̀, yóò sọ iye tí a lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi àwọ̀ pupa sàmì sí èyí tí kò tíì rí i kí a lò. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ènìyàn ti mọ ibi tí pàǹtí pọ̀ sí, kò ná a ní dátà ju ti ojú-ìwé kan lọ, kò sì sí ohun tí ó ní láti fi sórí kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún iṣẹ́ ẹlòmíràn, òun ni n ó ní kí ó kọ́kọ́ ṣí.

Ṣùgbọ́n òun náà ni ó kó mi sí wàhálà kajú. Nínú mẹ́nù ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ka kan wà tí ń jẹ́ "Kajú", tí ó ń farahàn ní kìkì àsìkò tí àwọn oníṣòwò kajú bá ń wá, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kejì ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn òfin rẹ̀ so mọ́ kíláàsì `asiko-kaju`. Oṣù kẹwàá ni mo ṣí Coverage. Gbogbo wọn pupa foo. Mo pa wọ́n rẹ́, mo tún ojú-ìwé wò, ohunkóhun kò yí padà, mo sì yọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kejì, akọ̀wé tan ẹ̀ka Kajú, ó sì jáde ní ìhòòhò: ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tí a fa ìlà sí nídìí, àwọn ọmọ mẹ́nù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n bo ìdajì ojú fóònù, kò sì sí ẹni tí ó lè tẹ ìwé iye owó tí ó wà lábẹ́ wọn. Ẹ̀rọ kò parọ́ fún mi. Ó ní, "N kò rí ẹni tí ó lò ó lójú mi"; èmi ni mo gbọ́ ọ bí "Kò sí ẹni tí ń lò ó."

Nítorí náà, bí ẹ bá yan Coverage, ẹ má ṣe wo ojú-ìwé lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì gba ìdájọ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé atọ́ka kọjá lórí gbogbo ọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe ń ṣí ọmọ mẹ́nù tí ẹ sì ń pa á dé, bí ẹ ṣe ń fún ojú búráúsà pọ̀ títí ó fi kéré bí fóònù, bí ẹ ṣe ń fi bọ́tìnì Tab rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wọlé bí ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jáde, kí ẹ tún wò ó bí àlejò. Pupa tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ lè wá fi `git grep` yẹ̀ wò.

Coverage ní àléébù mìíràn tí a kì í sábà sọ. Odidi òfin ni ó ń wò, kò wo ìlà inú rẹ̀. Bí òfin kan bá ní ìlà mẹ́jọ, tí ọ̀kan ṣoṣo sì wúlò, Coverage yóò ka gbogbo rẹ̀ sí èyí tí a lò. Fún irú àjẹkù bẹ́ẹ̀, Firefox dára jù ú lọ. Láti ẹ̀dà 70, tí ó jáde ní 2019, ibi tí a ti ń yẹ CSS wò nínú rẹ̀ máa ń sọ ìlà tí kò ní ipa di eérú, bí a bá sì gbé atọ́ka sórí àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò ṣàlàyé ìdí. Mo máa ń ṣí búráúsà méjèèjì papọ̀: Chrome fún òfin tí a kò kàn, Firefox fún ìlà tí ó ń ṣe ojú ayé.

PurgeCSS àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Iṣẹ́ PurgeCSS yàtọ̀. Kò ṣí ojú-ìwé rárá. Ó ń ka àwọn fáìlì HTML àti JavaScript bí ẹni ń ka ìwé, ó ń ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó lè jẹ́ orúkọ kíláàsì, ó sì ń yọ òfin CSS tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí ó ṣà. Ní ti olóorun, ó sàn ju Coverage lọ: `:hover` kò ní láti jí kí ó tó mọ̀ ọ́n, orúkọ kíláàsì tí ó so mọ́ ni ó ń wá.

Ibi tí ó ti ń ṣubú ni orúkọ tí a so pọ̀ nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ wa, ìlà JavaScript yìí wà, tí ó ń so orúkọ irè mọ́ `asiko-` láti fi ṣe kíláàsì:

`nav.classList.add('asiko-' + ire);`

`ire` lè jẹ́ `kaju`, ó lè jẹ́ `isu`, ó lè jẹ́ `ege`. PurgeCSS yóò ka ìlà náà, yóò rí `asiko-`, kò sì ní rí `asiko-kaju` níbì kankan, nítorí pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ ọ́ ní odidi. Yóò yọ òfin kajú bí mo ṣe yọ ọ́. A lè kìlọ̀ fún un nípa kíkọ `safelist: [/^asiko-/]` sínú ètò rẹ̀, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ohun tí ó bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí a kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní odidi nínú kóòdù, kí a sì mú èyí tí a fẹ́ láàrin wọn. Ẹ̀rọ yóò rí wọn, `git grep` yóò rí wọn, ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ náà lọ́la yóò sì rí wọn.

Ta ni PurgeCSS wà fún? Ẹni tí ó gbé odidi ilé ìkóhun-èlò bíi Bootstrap wọlé nítorí mẹ́nù kan ṣoṣo ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọwọ́ tu nǹkan kan, kì í ṣe òun ni ó kọ ọ́, fáìlì náà sì pọ̀ ju ohun tí ó ń lò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ CSS mẹ́nù tí kò ju ọgọ́rùn-ún méjì ìlà lọ, tí ó wá ń wa Node, tí ó ń wa npm, àwọn ètò tí a fi ń gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tí ó ń fi dátà gba ẹrù wọn sílẹ̀, katakata ni ó gbé wọ ọgbà ẹ̀yìnkùlé.

PurgeCSS àti Coverage kì í fi ọwọ́ kan HTML, ohun tí ó sì yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tí ń yàn nìyẹn. Àwọn `<span>` òfìfo yóò wà níbẹ̀. `role="menu"` yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé àjẹkù tí ń sọ̀rọ̀ ni. Àwọn kan fi í sórí `<ul>` nítorí pé mẹ́nù ni a ń pe nǹkan náà lẹ́nu. Nínú WAI-ARIA, ìlànà fún ojú-òpó tí àwọn abirùn lè lò, `role="menu"` jẹ́ ti mẹ́nù bíi ti inú ètò kọ̀ǹpútà, tí a ń fi bọ́tìnì ọfà rìn nínú rẹ̀ láti yan iṣẹ́; àwọn ìtọ́kasí ojú-òpó lásán kò nílò rẹ̀, `<nav>` tí ó gbé `<ul>` dání ti tó. Afọ́jú tí ẹ̀rọ bá sọ fún pé mẹ́nù ni yóò máa tẹ ọfà, kò ní sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, yóò sì rò pé ojú-òpó náà ti bàjẹ́. Ọwọ́ nìkan ni ó ń yọ irú èyí.

Àwòrán ẹlẹ́rìí

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ọ̀nà kan wà tí ó lọ́ra ṣùgbọ́n tí ó sún mọ́ òtítọ́ ju Coverage lọ. A ó fi àwòrán tí kò ju píksẹ́lì kan lọ ní ìbú àti gíga sínú òfin tí a fura sí, fún àpẹẹrẹ `background-image: url("/eri/asiko-kaju.gif")`. Búráúsà kì í gba àwòrán inú CSS sílẹ̀ àfi bí òfin náà bá bá nǹkan mu lójú-ìwé. Bí ẹnikẹ́ni níbikíbi, ní Mọ̀pà o, ní Ìsánlú o, bá ṣí ojú-ìwé tí ó lo òfin yẹn, sáfà wa, kọ̀ǹpútà tí ó gbé ojú-òpó náà dání, yóò rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé a béèrè fún àwòrán náà.

Ìyàtọ̀ òun àti Coverage ni pé Coverage ń bi búráúsà kan léèrè lọ́jọ́ kan, èyí sì ń bi gbogbo àwọn tí ń wọlé léèrè fún ìgbà tí a bá fẹ́. Bí mo bá ti lò ó, tí mo sì dúró di oṣù kẹta, kajú ì bá ti bọ́. Kò yẹ kí a lò ó fún ohun gbogbo, nítorí pé àwòrán kọ̀ọ̀kan ń fi ìbéèrè kún ẹrù fóònù àwọn ènìyàn, tí àwọn fúnra wọn ń sanwó dátà. Òfin méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ kò lè dá lẹ́jọ́ ni kí ẹ fi dán wò, kí ẹ sì rántí láti yọ àwòrán náà lẹ́yìn náà, kí ẹlẹ́rìí má baà di àjẹkù.

Títún un kọ láti ìpìlẹ̀, tàbí sísé e mọ́ inú `@layer`

Nígbà mìíràn, ó máa ń rẹ ènìyàn láti máa ṣa, ó sì ń wù ú láti wó gbogbo rẹ̀ kí ó tún un kọ́. Èmi kì í sábà gba ènìyàn níyànjú bẹ́ẹ̀. Mẹ́nù tí ó ti pẹ́ ní ìwà púpọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀: bọ́tìnì Esc tí ń pa á dé, ọ̀nà tí Tab ń gbà padà sórí bọ́tìnì tí a fi ṣí i, ohun tí ó ń ṣe bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já kí JavaScript tó dé. Ẹni tí ó bá tún un kọ yóò gbàgbé ìdajì nínú wọn, àwọn òǹlò ni yóò sì máa rán an létí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ tún un kọ lóòótọ́, ẹ wo fóònù àwọn tí ẹ ń kọ ọ́ fún. `popover`, tí ó ń ṣí nǹkan sókè tí ó sì ń pa á dé láìsí JavaScript, dùn ún lò, ṣùgbọ́n 2024 ni Firefox tó gbà á. Ní abúlé Bùnú tí mo máa ń lọ, fóònù tí ọwọ́ ọmọ ti lò kí ó tó dé ọwọ́ ìyá ni ó pọ̀ jù, búráúsà inú rẹ̀ sì lè ti dúró sójú kan láti ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ìkìlọ̀ kan náà ni mo fẹ́ ṣe nípa `@layer`. Ó jẹ́ ọ̀nà ọlọgbọ́n láti sé CSS àtijọ́ mọ́ inú àpótí, kí òfin tuntun máa borí rẹ̀ láìsí pé a ń fi `!important`, àṣẹ tí ń fi ipá mú kí ìlà kan borí àwọn yòókù, jagun, 2022 sì ni àwọn búráúsà ńláńlá gbà á. Ṣùgbọ́n búráúsà tí kò mọ̀ ọ́n kì í ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rárá. Odidi àpótí ni ó ń fò. Mẹ́nù yín yóò wá jáde ní ìhòòhò lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kajú mi ṣe jáde. Fún ojú-òpó tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ń lò, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ̀, `@layer` dára púpọ̀. Fún ojú-òpó tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo àgbẹ̀ láti Lọ́kọ́ja dé Ìyàgbà, mo ṣì ń fà sẹ́yìn.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ kọ mẹ́nù náà, tàbí tí ẹni tí ó kọ ọ́ wà nítòsí tí ẹ lè pè, tí fáìlì rẹ̀ kò sì ju ohun tí ènìyàn lè kà tán ní ìjókòó kan, ẹ fi ọwọ́ tu ú, kí ẹ sì gbójú lé `git log -S`. Bí ẹ bá jogún rẹ̀, tí ẹ kò sì mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí, ẹ fi Coverage wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kí ẹ fi pa nǹkan rẹ́. PurgeCSS wà fún ilé ìkóhun-èlò tí ẹ kò kọ; ẹ rí i dájú pé kò sí orúkọ tí a ń so pọ̀ kí ẹ tó tan án. Ohun tí ó bá níí ṣe pẹ̀lú àsìkò, ìpàdé ọdọọdún, ìdìbò ẹgbẹ́, ìkórè, ẹ fi àwòrán ẹlẹ́rìí ṣọ́ ọ títí àsìkò náà yóò fi kọjá.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ mú, ẹ yọ HTML àti CSS tí ó bá a tan nínú ìfipamọ́ git kan náà, ohun kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀kan, kí `git revert` kan lè dá a padà bí ó bá bàjẹ́. Ti kajú dùn mí gidi nítorí pé mo ti pa òfin mọ́kànlá mìíràn rẹ́ nínú ìfipamọ́ kan náà, n kò sì lè dá òun nìkan padà; ọwọ́ ni mo fi ṣà á jáde ní òru ọjọ́ náà, pẹ̀lú iná lápútọ́ọ̀pù tí ó ti ń tán lọ. Kí ẹ tó fi í sí gbangba, ẹ mú kí lẹ́tà fóònù yín tóbi dé ibi tí ó lè tóbi dé, kí ẹ sì ka mẹ́nù náà sókè: bí ẹ kò bá lè mọ oko yàtọ̀ sí ọkọ̀, àjẹkù ṣì wà nílẹ̀.

Mẹ́nù tiwa ti mọ́ díẹ̀ báyìí. `height: 18px` ti di `min-height`, `overflow: hidden` ti lọ, àwọn `<span>` igun ti tẹ̀lé e. `z-index: 9999` kan, tí ó ń gbé nǹkan sí iwájú èyí tí ó bá fẹ́ bò ó, ṣẹ́kù lórí ọmọ mẹ́nù tí mo ti gbìyànjú láti yọ lẹ́ẹ̀mejì, tí àwòrán orí ojú-ìwé ń bo mẹ́nù mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá yọ ọ́. Mo ti kọ àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.